SmartShunt 500A ti Victron nínú ọkọ̀-ilé oníkajú: àgbéyẹ̀wò láti Kábbà

Ohun èlò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí kéré débi pé ọwọ́ kan gbà á. Kò ní gíláàsì tí a ń wò, kò ní bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀, kò sì fi ẹyọ iná kan kún èyí tó wà nínú ọkọ̀. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí a ti rà sínú ọkọ̀-ilé wa, òun ni owó rẹ̀ kò tíì dùn mí rí. Orúkọ rẹ̀ ni SmartShunt 500A, ilé iṣẹ́ Victron Energy ti orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì ló ṣe é. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe: ó ń ka iye iná tó wọ inú bátìrì àti iye tó jáde, ó sì ń fi èyí tó kù hàn wá lórí fóònù. Ẹni tó ń gbé inú ọkọ̀ tí kò mọ iye yìí, àfojúdá ló ń fi iná ṣe.

Kí n tó tú u wò fínnífínní, ó yẹ kí ẹ mọ irú ọkọ̀ tí a ń lò ó sí. Òwò kajú ni èmi àti àwọn èèyàn mi ń ṣe ní apá ìwọ̀-oòrùn Kogí. Bí oṣù kejì bá ti wọlé, tí kajú bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, a kì í fi bẹ́ẹ̀ sùn nílé mọ́: a ó ti Kábbà bọ́ sí ilẹ̀ Bùnú, a ó dé Ìlúkẹ́ àti Ayétòrò-Kiri, a ó tún padà gba Ìjùmú lọ sí Yàgbà, títí òjò yóò fi lé wa wálé. Ọ̀pọ̀ abúlé tí a ti ń ra ọjà ni kò ní ilé àlejò, àwọn mìíràn kò ní iná rárá, ẹni tó bá sì fẹ́ rí kajú tó gbẹ dáadáa rà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí àwọn oníbàárà mìíràn tó jí. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Jámánì fi bá wa ra Mercedes-Benz Sprinter kan tí wọ́n ti sọ inú rẹ̀ di ilé láti ọ̀hún: ibùsùn méjì, ibi ìdáná onígáàsì, fíríìjì kékeré, táǹkì omi pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fa omi, iná àti fáànù. Òṣùwọ̀n oníbátìrì tí a fi ń wọn àpò, ẹ̀rọ POS, kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣe ìṣirò àti fóònù gbogbo wa, inú ọkọ̀ yìí náà ni wọ́n ti ń gba iná.

Irú iná méjì ló wà nínú ọkọ̀ báyìí. Ọ̀kan ni iná fóòltì 230, irú èyí tó wà nínú ilé wa. Ihò aláwọ̀ búlúù kan wà lára ọkọ̀ níta tó ń gbà wọlé bí a bá rí iná NEPA tàbí jẹnẹrétọ̀ so mọ́ ọn. Bí kò bá sí èyí, ínfátà ló ń fi iná bátìrì ṣe é. Àǹfààní ọkọ̀ tó ti Yúróòpù wá ni pé fóòltì 230 àti 50Hz tiwọn bá tiwa mu. Ẹni tó bá gbé ti Amẹ́ríkà wọlé ní láti ṣọ́ra gidigidi, nítorí fóòltì 120 àti 60Hz ni wọ́n ṣe é fún, bí ó bá sì ki í bọ iná Nàìjíríà láìsí tíránsífọ́mà, yóò jó àwọn ohun tó wà nínú rẹ̀.

Iná kejì, tí ó jẹ́ ọkàn ọkọ̀ náà, ni iná fóòltì 12, bátìrì ló sì ń gbé e. Bátìrì tó wà níwájú, ẹ́ńjìnnì ló ni ín: iná púpọ̀ ló ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti sọ ẹ́ńjìnnì dìde, alternator, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti ṣe iná, á sì dá a padà fún un láìpẹ́. Bátìrì ilé wà lábẹ́ ibùsùn. Tiwa jẹ́ AGM méjì, irú bátìrì olójé tí wọ́n dí pa tí a kì í bu omi sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan 100Ah (áńpíà kan tó ṣàn fún wákàtí kan ni 1Ah), tí a so pọ́sítífù mọ́ pọ́sítífù, nẹ́gẹ́tífù mọ́ nẹ́gẹ́tífù, tí àpapọ̀ wọn fi di 200Ah. Díẹ̀díẹ̀ ni bátìrì ilé ń fún ni ní iná, fún wákàtí púpọ̀, àwọn méjèèjì kò sì gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ ara wọn ṣe. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n so fíríìjì mọ́ bátìrì iwájú; nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ará abúlé ni wọ́n bẹ̀ pé kí wọ́n wá tì í.

Kí ẹ̀rọ yìí tó dé, àwọn iná wínníwínní mẹ́rin kan tó wà lára ògiri ọkọ̀ ni a fi ń mọ ipò bátìrì, fóòltì nìkan ni wọ́n sì ń wò. Bátìrì AGM tó kún, tó sì ti sinmi fún wákàtí mélòó kan láìgba iná, tí kò sì fúnni níná, máa ń wà ní nǹkan bí 12.8. Bí ó bá ku ìdajì, yóò wà ní nǹkan bí 12.2. Láti kíkún dé ìdajì, gbogbo ìyàtọ̀ náà kò tó fóòltì kan rárá. Bí fíríìjì bá gbéra, ó lè fa fóòltì wálẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó dà bíi pé bátìrì ti tán. Bí oòrùn bá kan pánẹ́ẹ̀lì, á gbé e kọjá 13 kí ó dà bíi pé ó kún, bẹ́ẹ̀ ìdajì rẹ̀ ti lọ. Nínú ọkọ̀ tí ènìyàn ń gbé, bátìrì kì í ráyè sinmi kí a tó lè wọn fóòltì rẹ̀ bó ṣe yẹ: lọ́sàn-án ó ń gbà, lóru ó ń fúnni. Bátìrì AGM tí a sì ń lò kọjá ìdajì lójoojúmọ́ kì í pẹ́ rárá. Ohun tó pa méjì àkọ́kọ́ wa nìyẹn, kì í ṣe pé ayédèrú ni wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó tà á jẹ èébú náà.

Bí SmartShunt ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Irin kan wà nínú rẹ̀ tí gbogbo iná bátìrì ń gbà kọjá, irin náà sì ń dí iná lọ́nà díẹ̀ gan-an. Bí áńpíà 500 bá ń kọjá, ìyàtọ̀ fóòltì láàárín orí rẹ̀ méjèèjì jẹ́ 50 mílífóòltì. Nítorí náà, bí ó bá rí mílífóòltì kan, ó mọ̀ pé áńpíà 10 ló ń kọjá, ó sì mọ̀ bóyá ó ń wọlé ni tàbí ó ń jáde. Ó ń wọn èyí láìsinmi, ó ń fi àkókò sọ ọ́ di Ah, ó ń rò ó pọ̀, ó sì ń yọ ọ́ kúrò. Akọ̀wé tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìkẹ́rù kajú ni mo fi ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ń bá wa ṣiṣẹ́: kì í wọ inú ilé lọ ka àpò, ṣùgbọ́n gbogbo àpò tó bá wọlé àti èyí tó bá jáde ló ń kọ sílẹ̀, ìwé rẹ̀ ló sì fi ń mọ iye tó kù. Bí ilé ìkẹ́rù náà bá wá ní fèrèsé ẹ̀yìn tí àpò ń gbà jáde, ìwé yẹn á di irọ́.

Fèrèsé ẹ̀yìn ni wọ́n ṣí fún tiwa nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ so ó. Òfin ìsopọ̀ rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ. Orí tí wọ́n kọ BATTERY MINUS sí, wáyà kan ṣoṣo ni kí ó ti ibẹ̀ lọ sí nẹ́gẹ́tífù bátìrì. Orí kejì, SYSTEM MINUS, ni kí gbogbo nẹ́gẹ́tífù yòókù wà láìku ẹyọ kan: ti ínfátà, ti sóólà, ti ṣájà, àti wáyà ńlá tó lọ bá ara irin ọkọ̀, nítorí ara irin yẹn ni ọ̀pọ̀ iná fóòltì 12 ń gbà padà wálé. Wáyà pupa tín-ín-rín kan tó ní fíúsì ló lọ sí pọ́sítífù, òun ni ẹ̀rọ náà fi ń rí fóòltì, tí ó sì fi ń jẹun. Rìwáyà tó bá wa so ó ní Kábbà mọ iṣẹ́ ọkọ̀ dáadáa, mo sì fẹ́ràn ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi wáyà nẹ́gẹ́tífù ínfátà sílẹ̀ lórí bátìrì níbi tó ti wà tẹ́lẹ̀, nítorí wáyà náà kúrú.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi tú síta. A wà ní Ìlúkẹ́ lóru, ínfátà ń ké fííí pé bátìrì ti lọ sílẹ̀ jù, iná ọkọ̀ ti ń pọ́n, fóònù sì ń sọ pé 88% ló kù. Nígbà tí a padà dé Kábbà, mo gbé ẹjọ́ lọ bá rìwáyà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màmá, nẹ́gẹ́tífù ni nẹ́gẹ́tífù. Ibi yòówù kí a dè é mọ́, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.” N kò bá a jiyàn. Mo ní kí ó pa gbogbo nǹkan inú ọkọ̀, mo sì fi fóònù hàn án: áńpíà tó ń jáde kò ju 0.1 lọ. Mo tan ínfátà, mo fi gílóòbù wáàtì 100 sí i, ó sì tàn gbàà. Fóònù ṣì ń sọ pé 0.1. Ó wo gílóòbù, ó wo fóònù, kò sọ nǹkan kan mọ́. Ó mú sípánà 17, ó wá wáyà tó gùn tó sì nípọn bí ti àkọ́kọ́, ó gbé nẹ́gẹ́tífù ínfátà kúrò lórí bátìrì, ó dè é mọ́ SYSTEM MINUS. Bí a ti tan gílóòbù kan náà, fóònù kọ áńpíà 9.4. “Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ jẹ́ kí n fi fóònù tèmi ya fọ́tò rẹ̀,” ohun tó sọ nìyẹn, ó sì yà á lóòótọ́. Bí ẹ bá ra ẹ̀rọ yìí, ìdánwò gílóòbù yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe kí ẹ tó san owó iṣẹ́. Ẹ tan ohun kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì rí i pé iye orí fóònù ń yí padà. Èyí tí kò bá yí i padà, ìsopọ̀ rẹ̀ kò tọ́.

Ìsopọ̀ tó tọ́ kò parí iṣẹ́, nítorí ẹ̀rọ náà kò mọ irú bátìrì tí ẹ ní àfi bí ẹ bá sọ fún un. 200Ah ni wọ́n kọ sínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, ó sì bọ́ sí i pé iye tiwa nìyẹn. Ẹni tó bá ní 100Ah tí kò yí i padà yóò lo 50Ah, fóònù á sọ fún un pé 75% ló kù, nígbà tí bátìrì ti dé ìdajì. Lẹ́yìn èyí ni ó ní láti mọ ìgbà tí bátìrì kún, kí ó lè dá ìwé rẹ̀ padà sí 100%. Ohun mẹ́ta ló fi ń mọ̀ ọ́n: kí fóòltì kọjá iye kan, kí áńpíà tó ń wọlé kéré sí iye kan, kí méjèèjì sì dúró bẹ́ẹ̀ fún àkókò kan. Iye tí ilé iṣẹ́ fi sí i ni fóòltì 13.2, 4% bátìrì, àti ìṣẹ́jú 3. Ṣájà tó ń ti iná NEPA wọlé lè bá èyí lọ. Sóólà ni kì í bá a lọ. 4% ti 200Ah jẹ́ áńpíà 8. Bí ìkùukùu bá bo oòrùn ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, áńpíà sóólà á já sí 5 tàbí 6, fóòltì á ṣì wà lókè 13.2 fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀rọ náà á sì kéde pé bátìrì ti kún nígbà tó ku púpọ̀. Èmi gbé fóòltì náà sí 13.5, nítorí 13.8 ni sóólà wa fi ń tọ́jú bátìrì tó bá ti kún, mo dín 4% kù sí 2%, mo sì fi kún ìṣẹ́jú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni 100% ti ń jẹ́ 100%. Ibi tí mo rò pé ìwé tí wọ́n kó pẹ̀lú rẹ̀ kò ti sọ̀rọ̀ tó nìyí, bẹ́ẹ̀ sì ni ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣubú sí nìyẹn, tí wọn á wá sọ pé ẹ̀rọ náà kò dára.

Iye tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn wá yà wá lẹ́nu. Wáàtì 45 ni wọ́n kọ sára fíríìjì wa. Ní fóòltì 12, ó sún mọ́ áńpíà 4. Ní Jámánì bóyá ó ń ṣiṣẹ́ fún ìdá mẹ́ta ọjọ́, kí ó sinmi ìdá méjì tó kù. Ní oṣù kẹta nílẹ̀ wa, ìdajì ọjọ́ ló ń ṣe é, ó kéré tán, wákàtí 12 ní áńpíà 4 sì jẹ́ 48Ah. Fáànù kò ju áńpíà kan àbọ̀ lọ, láti ìgbà tí a bá ti sùn títí di òwúrọ̀ ó tó 15Ah. Gbogbo iná LED pọ̀, 8Ah. Ẹ̀rọ omi tí gbogbo wa ń bẹ̀rù nítorí ariwo rẹ̀ kò tó 1Ah lóòjọ́, nítorí ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń fi ṣiṣẹ́. Ẹni tí a kò fura sí ni ínfátà. Bí a kò bá ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ pàápàá, tó bá ṣáà ti wà ní títàn, áńpíà 0.8 ló ń jẹ fún ara rẹ̀, tọ̀sán-tòru, ìyẹn 19Ah lóòjọ́ lórí asán. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ sún mọ́ 91Ah, nígbà tó jẹ́ pé 100Ah ni ìdajì bátìrì tí a lè lò láìpa á lára. Kí àwọn èèyàn mi tó rí ìṣirò yìí, wọ́n ti ń bẹ̀ mí pé kí a ra bátìrì kẹta. Ohun tí a ṣe ni pé a ra ṣájà fóòltì 12 fún kọ̀ǹpútà àti POS, a sì ń pa ínfátà títí di ìgbà tí a bá fẹ́ lò ó. Ọ̀rọ̀ bátìrì kẹta kò wáyé mọ́.

Kẹ́tùlù iná náà ní ìtàn tirẹ̀. Wáàtì 2000 ni wọ́n kọ sí i. Pín in sí fóòltì 12, ó kọjá áńpíà 166. Fi èyí tí ínfátà ń fi ṣòfò kún un, ó sún mọ́ 190. Ìwọ̀n iná bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí bátìrì AGM méjì yẹ kí ó máa gbé, wáyà tí kò bá nípọn tó á sì gbóná débi tí ọwọ́ kò ní lè gbà á. Gáàsì wà nínú ọkọ̀. Orí rẹ̀ ni omi tíì ń hó báyìí.

Ní ti sóólà, pánẹ́ẹ̀lì wáàtì 150 méjì ló wà lórí ọkọ̀, wọ́n sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ní ọ̀hún ni wọ́n máa ń sọ pé ó yẹ kí a gbé e dìde kó kọjú sí oòrùn. Kábbà kò jìnnà sí ìlà ìdajì ayé, bí ìwọ̀n 8 sí àríwá, oòrùn sì ń gba orí wa kọjá gan-an ní oṣù kẹrin, nítorí náà pánẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ kò pàdánù nǹkan ní àsìkò kajú. Bí a bá ka oòrùn tó mú dáadáa sí wákàtí 5, tí a sì yọ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá fún ooru, eruku àti wáyà, nǹkan bí 85Ah ló yẹ kó wọlé lóòjọ́, SmartShunt sì fi hàn wá pé ó sún mọ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ooru ń jẹ nínú rẹ̀ ju bí ènìyàn ṣe rò lọ: bí ara pánẹ́ẹ̀lì bá gbóná kọjá ìwọ̀n 25, nǹkan bí 0.4% ló ń sọnù lórí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ orí ọkọ̀ ní ọ̀sán gangan lè dé 65. Eruku ọyẹ́ ni èyí tí ọwọ́ wa ká. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì, ọmọdékùnrin tó ń bá wa gbé òṣùwọ̀n gun orí ọkọ̀ pẹ̀lú aṣọ àti omi, èmi sì wà nísàlẹ̀ tí mò ń wo fóònù; áńpíà ti gòkè láti 9 sí 12 kí ó tó sọ̀ kalẹ̀. Ibòji igi máńgòrò ni ìṣòro tó kù, nítorí pé gbogbo abúlé ló fẹ́ fi ibòji ṣe wá lálejò. A ti kọ́ láti máa dúpẹ́, kí a sì lọ gúnlẹ̀ sí gbangba.

Alternator náà ń dá iná padà sínú bátìrì ilé bí a bá ń rìn. Bí a bá ti Kábbà lọ sí Ìsánlú, áńpíà tó ń wọlé á kọ́kọ́ ga ju 25 lọ, á wá máa rọlẹ̀ bí bátìrì ṣe ń kún. Àwọn ọkọ̀ tuntun tó ní alternator olóye yàtọ̀: kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń dín fóòltì kù láti fi epo pamọ́, bátìrì ilé kì í sì í kún dáadáa àyàfi bí a bá fi ṣájà tó ń gba iná fóòltì 12 tó sì ń fúnni ní 12 sí àárín wọn. Ẹni tí SmartShunt rẹ̀ ń fi áńpíà 2 tàbí 3 hàn ní gbogbo ìgbà tó fi ń wakọ̀, tí bátìrì rẹ̀ kò sì tíì kún, ibẹ̀ ni kí ó lọ wò.

Nísinsìnyí, èyí tí kò dùn mọ́ mi nínú ẹ̀rọ náà. Àìsí ojú tí a lè wò lára rẹ̀ jẹ́ àléébù gidi nínú ọkọ̀ tí ènìyàn bíi mẹ́rin ń lò. Bí fóònù mi bá wà lọ́wọ́ mi nínú oko, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kò mọ nǹkan kan, àfi bí àwọn náà bá ti gbé VictronConnect, áàpù tí a fi ń wo ẹ̀rọ náà, sórí fóònù tiwọn. Ohun kan tí mo yìn nínú rẹ̀ ni pé Bluetooth ló ń lò, kò béèrè íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e sórí fóònù, nítorí àwọn ibì kan wà ní ilẹ̀ Bùnú tí fóònù kò ní rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan. Ẹ yí PIN rẹ̀ padà, kí ọmọ aládùúgbò má bàa máa fi tiyín ṣeré. Àléébù kejì ni pé kò ní agogo tó lè ké, kò sì ní ohun tó lè já iná fúnra rẹ̀ bí bátìrì bá lọ sílẹ̀ jù. Yóò kàn wà níbẹ̀ tí yóò máa kà títí bátìrì yóò fi kú. Ìkẹta, IP21 ni ìwọ̀n ìdáàbòbò rẹ̀, ìyẹn ni pé kò fẹ́ eruku wínníwínní, kò sì fẹ́ kí omi fọ́n sí i lára. Àpótí pákó ni a fi bo tiwa lábẹ́ ibùsùn, nítorí eruku ojú ọ̀nà wa kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ní lọ́kàn ní Nẹ́dálándì. Èyí tí wọ́n ṣe ní IP65 wà, bí ẹ bá rí i, òun ni kí ẹ rà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ó ń dáàbò bo nǹkan. Fíúsì ńlá gbọ́dọ̀ wà lórí wáyà pọ́sítífù, nítòsí bátìrì bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó, kí ó sì bá ìnípọn wáyà mu. Ínfátà wa ní fíúsì nínú ara rẹ̀, ìyẹn kò sì tó, nítorí wáyà tó ti bátìrì lọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó lè bó, kí ó sì kan irin. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ibùsùn tiwa gan-an ló wà lórí bátìrì.

Tí ẹ bá ń rò ó láti lọ sórí bátìrì lithium, irú LiFePO4, ẹ̀rọ yìí ti kúrò ní ohun tí a lè ní tàbí kí a má ní. Fóòltì bátìrì yẹn wà ní nǹkan bí 13.2 sí 13.3 láti ìgbà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún títí tó fi kọjá ìdajì, nítorí náà fóòltì kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ó ní láti yí àwọn iye inú rẹ̀ padà: fóòltì kíkún sí nǹkan bí 14, bátìrì náà sì ń dá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo iná tó gbà padà, nítorí náà 99% ni kí ẹ fi rọ́pò 95% tí wọ́n ti kọ síbẹ̀. Ẹni tó tà á fún yín lè sọ pé BMS, ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ bátìrì láti inú, ní Bluetooth tirẹ̀ tó ń ka iná. Ó ń kà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í rí áńpíà tó kéré, irú èyí tí ínfátà fi ń jẹun lóru.

Ta ni kí ó rà á? Ẹni tó ní bátìrì ilé, tó ń sùn nínú ọkọ̀ rẹ̀ ju ìgbà kan lọ lọ́dún, tó sì ní fóònù tó dára. Iye tí mo rà á kò tó owó bátìrì AGM 100Ah tuntun kan, ilé iṣẹ́ sì fi ọdún 5 ṣe ẹ̀rí rẹ̀, bí ẹ bá tọ́jú rìsíìtì, tí ẹ sì rà á lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ojú tí gbogbo ará ọkọ̀ lè máa wò lára ògiri, pẹ̀lú agogo tó ń ké, BMV-712 ti ilé iṣẹ́ kan náà ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ó ní méjèèjì, ó sì ní ohun tó lè tan nǹkan tàbí pa á fúnra rẹ̀. Owó rẹ̀ ga jù, àmọ́ bó bá jẹ́ pé mo tún fẹ́ rà lónìí fún ọkọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lò, òun ni n bá mú. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò ní ju gílóòbù méjì àti ihò ṣájà fóònù kan lọ, kí ó fi owó rẹ̀ ra epo.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà wa fi tirẹ̀ kún un. Kòtò àti gbígbọ̀n ń tú nọ́ọ̀tì díẹ̀díẹ̀, nọ́ọ̀tì tó bá tú lórí wáyà ńlá á máa gbóná, yóò sì máa jẹ fóòltì. Lẹ́yìn ọ̀nà tí kò dára, rìwáyà ń kọ́kọ́ pa ohun gbogbo, ó ń yọ nẹ́gẹ́tífù bátìrì ṣáájú, ó ń dì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń nu àwọn tó bá ti ń dípẹtà kí ó tó fi gíríìsì díẹ̀ pa wọ́n lórí. Nígbà tí kajú bá tán, tí a bá gbé ọkọ̀ sábẹ́ òrùlé níbi tí oòrùn kò ti lè kan pánẹ́ẹ̀lì, SmartShunt fúnra rẹ̀ kò ní jẹ 1Ah lóṣù, nítorí náà kò sí ìdí láti já a. Bátìrì ni yóò máa dín kù fúnra rẹ̀ láti inú wá, iná tó ń lọ lọ́nà bẹ́ẹ̀ kò sì gba inú ẹ̀rọ náà kọjá, kò lè kà á. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ọkọ̀ jáde lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ so ó mọ́ iná NEPA tàbí jẹnẹrétọ̀ títí bátìrì yóò fi kún gidi kí ẹ tó gba iye tó bá kọ sórí fóònù gbọ́.